Àwo Sátẹ́láìtì

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé náà.
Èmi ni mo gbé tábìlì síta, nítorí iná ò sí,
mo fi òkúta tẹ etí bébà kí atẹ́gùn má gbé e.
Mílíọ̀nù mẹ́rìnlélógún lọ́dún kan.
Mọ́tò kan. Ilé kan lójú ọ̀nà Ìyàrà.
Dúrójayé ọ̀gá wa ń rẹ́rìn-ín bí ọkọ ìyàwó.
Ahọ́n-Oyin ṣí bírò, ó ní,
"Ta ló ń bu dísù sí jẹnẹrétọ̀?"
Mo ní èmi ni. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́.

Ilé iṣẹ́ ti jẹ wá lówó oṣù mẹ́ta nígbà náà.
Bọ́sẹ̀dé tó ń ṣírò owó ka iye náà lẹ́ẹ̀mejì,
ó pa ìwé dé, ó ní ebi ò pa òun mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́, kó má dà bí ìlara:
ọkùnrin náà mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ.
Bó bá ti ní "Okun o, Kábà,"
àwọn tó ń kọ ebè lápá Ẹgbẹ̀dá a gbé ọkọ́ kọ́ èjìká,
awakọ̀ tírélà a dín eré kù lórí òkè
kí ohùn náà má baà já.
Ìyá mi, tí kì í gbọ́ ti ẹnikẹ́ni,
fi gèlè tuntun nu rédíò.
Oníṣòwò ajílẹ̀ wá polówó. Báǹkì wá.
Owó wọlé, mo rí i.
Mo sì rí i bó ṣe gba ẹ̀yìnkùlé jáde lọ́jọ́ kejì,
ó kọrí sójú ọ̀nà Ìyàrà.

Ọmọ́niyì ti fi ẹnu Owé ka ìròyìn fún ọdún mọ́kànlá.
Kò sẹ́ni tó kọ ìwé kankan fún un.
Ó lọ lọ́jọ́ Túsìdeè kan, òun àti agbòjò àti kọ́ọ̀bù tíì rẹ̀.
Lẹ́tà méjì ló dé tó béèrè rẹ̀.
Méjì péré. Èmi ni mo gbà wọ́n.

Owó sátẹ́láìtì, dọ́là ni wọ́n fi ń san án,
dọ́là ò sì mọ ẹni tí ahọ́n rẹ̀ dùn.
Nínú oṣù kẹfà, àrá sán lu ẹ̀rọ.
Ọ̀gá lọ bẹ̀ ẹ́: kó gba ìdajì fóṣù mẹ́ta.
Ahọ́n-Oyin na ìwé náà sí i,
erùpẹ̀ pupa òkúta mi ṣì wà létí rẹ̀.
Ó ní, "Mi ò fipá gbà á lọ́wọ́ yín."
Òótọ́ nìyẹn náà.

Nílé onígbàjámọ̀, wọ́n ní òun ló pa wá.
Àwọn kan ní fóònù ni.
Bọ́sẹ̀dé ní, "Láìsí i, oṣù mẹ́fà la ó fi kú.
Ó dé, a fi ọdún méjì kú.
Wá ṣírò èyí tó wọ́n jù."
N ò tíì rí i ṣe.

Àwo orí òrùlé ni wọ́n fi san gbèsè oṣù mẹ́sàn-án fún mi.
Ìyá mi ń sá kọfí sínú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé.
Lánàá ó ń fọwọ́ yí i, kò mọ̀ pé mo dúró lẹ́yìn,
ó rẹ ohùn sílẹ̀ bíi ti ọkùnrin yẹn,
"Okun o, Kábà,"
ó sì dákẹ́ díẹ̀, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn.