Ọwọ́ Fóònù Tó Le

Ẹni tó ni mọ́tò yìí kó tó di tèmi
á ga bí òpó iná ni:
ọwọ́ tó di fóònù mú níwájú mi,
òrùlé ló ń wò.

Mo páàkì lẹ́bàá Àkábà Ìdẹ̀nà.
Fáráǹkì márùn-ún kò wọ ojú ìṣó rẹ̀.
Ọ̀bẹ ọsàn yọ̀, ó gé mi níka.
"Ẹ fi eyín fà á," Abíọ́nà wí lẹ́yìn,
ẹ̀pà kún un lẹ́nu.
Mo fi eyín fà á.
Kò mira.

Mẹkáníìkì tó ní irinṣẹ́ ti ròkú lọ sí Ìlárá.

Mo bá ká àpò ìrẹsì mẹ́rin,
mo tẹ́ ẹ sídìí, mo gùn ún.
Fóònù rí mi, mo rí fóònù.

Lójú ọ̀nà Pọ́bẹ̀, ọlọ́pàá tó ń jágbe mọ́ mi tẹ́lẹ̀
ní, "Ọ̀gá, ẹ máa lọ."