Irin Tó Ń Rìn

Bàtà mi ọ̀tún ló kọ́kọ́ sọ fún mi.
Sílípáàsì rọ́bà tí mo rà ní Ìsìnkàn,
kò ì pé oṣù méjì,
ó yọ́ mọ́ mi látẹ́lẹsẹ̀ bí àṣáró
níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ìdànrè.
Pijó mi, àgbàlagbà ọkọ̀,
gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà dé góńgó,
irin mẹ́rin tó ń kó èéfín kúrò lára ẹ́ńjìnnì
sì pọ́n bí ojú ẹni tó mu ògógóró ní kùtùkùtù.

Mo gbé e lọ sọ́gbà àwọn mẹkáníìkì
lójú ọ̀nà Ondo, l'Ákùúrẹ́.
Ẹniafẹ́, ọmọ ìkọ́ṣẹ́ tí ẹnu rẹ̀ yá,
fa ìdì aṣọ kan yọ, funfun bíi bándéèjì ọsibítù.
"Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká dì í.
Ká rẹ aṣọ sómi, ká wé e le dandan, ká fi wáyà so ó.
Ooru á gba ìdí sàláńsà jáde,
ẹsẹ̀ yín á tutù,
ọkọ̀ yín á máa sáré bí ẹtu."

Ọ̀gá Akíndójútìmí kò gbójú sókè.
Ó ń fi bẹntiróòlù fọwọ́.
"Ẹ dì í bó bá wù yín.
Òjò ò mọ bándéèjì yàtọ̀ sí kànrìnkàn.
Irin tí ooru rẹ̀ ò bá rọ́nà lọ,
ara irin náà ni yóò jẹ."

Mo dì í.
Ẹsẹ̀ mi ló ń jó, kì í ṣe tọ̀gá.

Lọ́jọ́ kìíní, èéfín funfun bo bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ẹniafẹ́ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀: omi ara aṣọ ló ń gbẹ.
Ṣùgbọ́n ìyá kan tí mo gbé ní Aládé
kò dúró gbọ́ àlàyé,
ó bẹ́ sílẹ̀ tòun ti ṣírí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀:
"Iná o! Iná ti mú wa!"
Títí dòní, n ò rí owó ọkọ̀ mi gbà.

Lẹ́yìn ìyẹn, mo jẹ̀gbádùn. N ò ní purọ́.
Ẹsẹ̀ mi tutù bíi pé mo kì í bọ odò Òwènà.

Oṣù Agẹmọ dé.
Adágún ojú títì rin aṣọ,
aṣọ rin irin,
irin gbóná, irin tutù, irin tún gbóná,
nínú òkùnkùn tí ojú ò tó.
Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo gbọ́ pà!
bí ẹni dá igi gbígbẹ,
Pijó bẹ̀rẹ̀ sí bú ramúramù láàárín ìlú,
ojú sì tì mí.

Nígbà tí a tú u, irin ń ṣí bí ìpẹ́ ẹja.
Ó ti sán lọ́rùn.
Mo rántí ìyá mi àgbà lórí egbò orúnkún mi:
"Èyí tí o dì pa yìí, kò jinná,
ó sá pamọ́ fún ọ ni."
Mo dákẹ́ níbẹ̀.
Ọ̀rọ̀ kan wà tí èmi náà ti dì mọ́nú
látọdún tí àbúrò mi ta oko kòkó bàbá wa
láìsọ fún mi.
Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀.

Ọ̀gá kò ní, "Ṣé mo sọ bí?"
Ó ránṣẹ́ pe wẹ́dà.
Ẹniafẹ́ gé páànù àlòkù kan,
ó fi bọ́ọ̀tì mẹ́rin gbé e sáàárín irin àti ilẹ̀ ọkọ̀.
Kò kan tibí, kò kan tọ̀hún.
Ìka kan ṣoṣo ni àlàfo náà,
atẹ́gùn ń gbabẹ̀ kọjá.

Ṣé ó tutù? Kò tutù tán.
Irin tó ń rìn, kò lè ṣe kó má gbóná.
Mo ra bàtà aláwọ.
Mo pe àbúrò mi lálẹ́ Sátidé,
a sọ̀rọ̀ òjò, a sọ̀rọ̀ owó epo,
ti oko kò tíì dé ẹnu.

Aṣọ tó ṣẹ́kù wà lábẹ́ síìtì.
Mo fọwọ́ kàn án láàárọ̀ yìí.
Ó ṣì ń yún mi.