Ọ̀dà Ni

Èmi ni mo máa ń di ẹ̀wù Adélódùn mú
nígbà tí a bá ki orí bọ àárín,
mẹ́jọ sí mẹ́jọ, bí àgbò tó ń jìjà ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo.
Mo mọ òórùn ẹ̀yìn rẹ̀: róòbù àti eruku ọyẹ́ Ìlọrin.
Mo mọ etí rẹ̀ òsì, tó ti wú, tó ti ká jọ
bí àkàrà tí wọ́n gbàgbé sínú epo.

Bọ́ọ̀lù rọ́gbì rí bí ìbẹ́pẹ.
Ẹ̀yìn là ń jù ú sí kí a tó lè lọ síwájú;
ẹni tí kò bá gbà bẹ́ẹ̀, kó lọ gbá ti olóbìírípo.

Ọjọ́ Àìkú, ní ilé àkọ́ìparí kan ní Tánkẹ̀,
wọ́n á ní kó wá kú.
Ipa rẹ̀ nìyẹn: jàǹdùkú kẹta, ẹni tí ìbọn kọ́kọ́ ń bá.
Ọmọge tó ń kun ojú wò ó, ó gbé búrọ́ṣì sílẹ̀:
"Kí ni n óò kùn sí èyí? Ẹ ti kùn ún wá láti ilé."
Ṣíṣubú ló wá di ìṣòro.
Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìbọn dún, ó ṣì ń rìn bọ̀;
ara rẹ̀ kò mọ bí ènìyàn ṣe ń lulẹ̀
láìsí ẹni tó dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Fíìmù náà dé Òmù-Àrán.
Ìyá rẹ̀ wò ó lórí fóònù ọmọ aládùúgbò,
kò dúró de ìparí.
Ó gba Àjàṣẹ́ kọjá kí ilẹ̀ tó mọ́,
bàtà ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ẹnì kejì tòsì,
ó bá wa ní pápá.
"Màmá, eré ni! Sóbò ni ẹ̀jẹ̀ yẹn,
mo tiẹ̀ mu èyí tó ṣẹ́ kù."

Ó gbọ́. Ó jókòó. Ó gba omi mu.
Ìgbà náà ló rí iwájú orí ọmọ rẹ̀,
ibi tí orúnkún ẹlòmíràn là lánàá,
òwú dúdú mẹ́rin tí dókítà fi rán an.
"Èyí ńkọ́?"
Adélódùn wò mí. Èmi wo koríko.
"Ọ̀dà ni, Màmá. Ọ̀dà fíìmù."

Ìyá fa etí ìró rẹ̀, ó fi itọ́ kàn án,
ó ń nù ún.
Ó tún nù ún.
Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo ti rí i tó kú, kò mọ̀ ọ́n ṣe.
Ọjọ́ yẹn ló ṣeré: kò ṣẹ́jú.

"Ọ̀dà yín mà le o," ni ìyá wí.
Ó ká etí ìró náà, níbi tó pọ́n díẹ̀,
ó kì í bọ ìbàdí.