Ogún Dín Mẹ́rin

Èédú ni Rìsìkátù fi ń kọ̀wé
sórí sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìnkùlé wa ní Ẹ̀pẹ́,
níbi tí mo ti ń yan ẹja.
Ó kọ ọ̀rọ̀ kan, ó ní ọkọ̀ ni.
Mo ní, "Kà á bí o ṣe kọ ọ́."
"Ọkọ."
Háà! Ṣé bàbá rẹ á wá máa tu ọkọ lórí ọ̀sà?
Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀,
ó ní èéfín ni.
Ó wá fa igi kékeré kan sí i lórí,
igi náà fẹ̀yìn tì
bí àjẹ̀ tí wọ́n gbé ti ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀.
Èmi ò mọ̀wé. Etí mi ló mọ̀ ọ́n.

Ó yá, ka èpìyà orí àtẹ fún mi.
"Mẹ́rìndínlógún."
Kí ló wà nínú orúkọ yẹn?
Ó ká ìka, ó tú u, ó tún ká a.
"Ogún ni, Ìyá Àgbà. Wọ́n yọ mẹ́rin."
Ta ló yọ ọ́?
A jọ wo ológbò.

Ìyá rẹ̀ dé, ó fẹ́ fọ ilẹ̀.
Mo ní kó fi í sílẹ̀ di àárọ̀.
Nígbà tí gbogbo wọn sùn tán,
mo ṣa èédú kan tó ti tutù,
mo fa igi tèmi.
Ó wọ́,
ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ìwọ̀ ẹja,
àmọ́ ọkọ̀ ni.