Iṣẹ́ Kẹtàdínlógún

Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n kà fún mi lọ́jọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́,
èmi Ráfíù Dominígò, mẹ́gádì ilé Agudà
tó wà lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ńlá Àjàṣẹ́,
mọ́ṣáláṣí tí àlejò máa ń rí lókèèrè
tí yóò ṣe àmì àgbélébùú kó tó bọ́ bàtà.

Sènámì Pinẹ́rò ló ni iṣẹ́ náà.
Ó fi Gùn bú káfíńtà,
ó fi Faransé bá Kútọ̀nù jà lórí fóònù,
ó wá yíjú sí mi, ó fi Yorùbá tó rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná ní,
"Bàbá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n."

Kí ni mo ń ṣọ́?
Ìlẹ̀kùn ìyá rẹ̀ àgbà, ó dùbúlẹ̀, iyọ̀ kún inú rẹ̀.
Tẹ̀sùbáà, àìmọye, tí ó so mọ́ àwọ̀n apẹja ọ̀sà.
Àti láàárín yàrá, ẹ̀wù kan tó ń fì lórí wáyà:
apá kan aṣọ fáda,
apá kan jalàbíà,
ìṣẹ́tí rẹ̀ kìkì ìko, bíi ti Sàngbétò tí ń yí lóru.
Kò sí orí nínú rẹ̀.

Lálẹ́ àkọ́kọ́, n kò lè kẹ́yìn sí i.
Mo ka Àyátù Kúrúsíyù. Ẹ̀wù náà ń wò mí.
Mo ka àdúrà tí Filomẹ́nà, ìyá bàbá mi, fi pọ̀n mí dàgbà,
ní èdè Potogí tí òun pàápàá kò gbọ́.
Ó ṣì ń wò mí.
Ó wá ku ti ìyá mi, ọmọ Kétu, tí kì í sọ nǹkan kan,
omi tútù ló máa ń ta sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.
Mo ta á.
Mo sùn.

Ọjọ́ kẹta, òjò dé.
Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí leji ń pa:
páànù ilé yẹn dàgbà jù mí lọ,
omi ń kán sára fáda, ó ń kán sára jalàbíà,
kò bi wọ́n pé èwo nínú yín ló ti ṣèrìbọmi.
Kò sí bààfù, kò sí korobá.
Bútà àlùwàlá mi ni mo ṣí, mo gbé e sábẹ́ rẹ̀,
tó, tó, tó, títí di àsùbáà.
Omi ẹ̀wù yẹn náà ni mo fi ṣe àlùwàlá.
Bóyá ìrun náà gbà, ẹ bi Ẹni tí mo kí i fún.

Ilẹ̀ mọ́, mo fẹ́ gbé bútà mi.
Sènámì ní, "Ẹ fi sílẹ̀."
Kó tó di ọ̀sán, àwọn òyìnbó ti rọ̀gbà yí i ká,
ọ̀kan tilẹ̀ kúnlẹ̀ kó lè yà á dáadáa.
Wọ́n lẹ bébà mọ́ ògiri, Faransé ìlà mẹ́ta.
Ọmọ iléèwé kan bá mi túmọ̀ rẹ̀:
"Wọ́n ní ibẹ̀ ni gbogbo omi ti pàdé."
Mo ní, "Páànù ló jò."

Sènámì ra òmíràn fún mi ní Wàǹdó,
pupa, tí kò tíì mọ ọwọ́ mi.
Ó ní, "Orúkọ wo ni kí n kọ síbẹ̀ fún yín?"
Ráfíù ni, nínú káàdì.
Rafaẹ́lì ni, lẹ́nu Filomẹ́nà.
Sàlàkọ́ ni ìyá mi pè mí,
nítorí mo daṣọ bojú wá sáyé.
Mo ní kó fún mi di ọ̀la.

Òjò ti dá láti ìjẹrin.
Lóru, nínú òkùnkùn, mo gbọ́ ọ:
tó.
A kì í jẹ́ ìpè òru tí a kò mọ ẹni tó pè.
Tó.
N kò mọ èwo ló pè nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.
Mo jẹ́ ẹ.