R Tó Yarọ

Adójútòfò ni Yorùbá pè é,
ìwé pélébé tí yóò dójú ti òfò lọ́jọ́ tó bá dé.
Mo ra tèmi lẹ́nu ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà,
lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó jókòó sábẹ́ agboòrùn.
Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni wọ́n ń gbà nínú ilé.
Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ mú ẹgbẹ̀rún kan ààbọ̀ wá,
ìwé kan náà ni, àga ni ò sí níbí."
Mo rẹ́rìn-ín. Mo sanwó.
Mo fi ọ̀rá wé e, mo tì í sábẹ́ ìjókòó Bájáàjì mi,
mo wá ń gun alùpùpù bí ẹni tí bàbá rẹ̀ wà láyé.

Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìtẹ̀wé Ọ̀gá Gbàdàmọ́sí.
Èmi ni mo ń kó kàlẹ́ńdà lọ fún oníbàárà,
èmi náà ni mo ń tẹ nọ́ńbà sórí rìsíìtì
pẹ̀lú ẹ̀rọ àtijọ́ tó ń ké bí ewúrẹ́ tó ń rọbí.
Mo mọ ẹ̀rọ yẹn bí ìyá ṣe mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá,
bíréèkì kọ etí ikún sí mi ní Fádéyí,
mo forí sọ ìdí Kòrólà Tíṣà Ṣówùnmí.
Iná ẹ̀yìn fọ́, bọ́ńpà já kọ́ bí àgbọ̀n arúgbó.
Bàbá sọ̀kalẹ̀. Kò bú mi.
Ó yọ awò ojú, ó nù ún, ó ní,
"Ṣé o ní adójútòfò?"
Ẹ wo bí mo ṣe fa ọ̀rá yẹn yọ!
Bí ẹni ń yọ ìwé ilẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, mo gbé bàbá sẹ́yìn, ó di Yábàá,
ó di èjìká mi mú bí ẹni ń gun ọ̀pẹ láìsí igbà.
Ọmọbìnrin ìdí kọ̀ǹpútà tẹ nọ́ńbà mi lẹ́ẹ̀kan,
ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.
"Kò sí nínú ìwé wa, sà."
"Ẹ tún un tẹ̀."
"Kò sí, sà."
Ló bá dá a padà fún mi.
Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wò ó dáadáa:
R tó wà níwájú nọ́ńbà,
ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, ó fẹ́ di P.

Mo mọ R yẹn.
Èmi ni mo jẹ́ kó bọ́ lulẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn èṣí,
èmi ni mo ní kí ọ̀gá má ṣèyọnu, ta ni yóò wò ó?
Mo rántí alẹ́ náà. Ìdì ìwé mẹ́rin, iṣẹ́ kíákíá,
ìlọ́po owó ọjọ́ kan, búrẹ́dì àti sadíìnì.
N ò ka ohun tí mo ń tẹ̀. Atẹ̀wé kì í kàwé.
Rárá o.
Mo kà á.
Mo rò pé ti ẹlòmíràn ni.

Mo fi owó mi ra iṣẹ́ ọwọ́ mi,
mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún mi.
Òfò dé, ojú ò tì í,
ó jókòó tì mí, ó ń mi ẹsẹ̀.
Èmi ni mo ń wolẹ̀.

Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún ni panẹ́bítà dá lé e,
mo ń san án, ẹgbẹ̀rún márùn-ún lóṣù.
Bí mo bá dé, bàbá á ní kí n jókòó, á fún mi lómi,
á bi mí pé iṣẹ́ ńkọ́.
N ò tí ì sọ ti R fún un.
Múínátù nìkan ni mo sọ fún. Ó pòṣé, ó gbé ọbẹ̀ kaná.

Mo ti ra òmíràn, nínú ilé, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta géérégé,
lórí àga, lábẹ́ fáànù.
Ṣùgbọ́n lálaalẹ́, kí n tó ti ilẹ̀kùn,
mo máa ń fà á yọ nínú ọ̀rá,
mo á fi itọ́ kan àtàǹpàkò,
mo á fi ra á lójú,
bóyá yíǹkì rẹ̀ á mọ́ mi lọ́wọ́.