Ìtọ̀ Ọjọ́ Kan

Ike ńlá aláwọ̀ ilẹ̀ ni nọ́ọ̀sì Dilrukshi gbé lé wa lọ́wọ́.
Ó ní, "Èyí tó bá kọ́kọ́ tọ̀ láàárọ̀, kó dà á nù, kó wo aago.
Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kán kan ò gbọdọ̀ ṣòfò
títí aago yóò fi padà síbi tó wà."
Gunapala rẹ́rìn-ín.
Ọgbọ̀n ọdún ló ti ń tọ̀ sí ẹ̀bá oko ìrẹsì,
kò sẹ́ni tó béèrè iye rẹ̀ rí.

A ò ní fìríìjì.
Mo gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ máńgòrò, mo bu omi sí iyanrìn,
mo fi yí ike náà ká bí ẹni ń tọ́jú ẹyin.
Ó mú ìgò kékeré lọ sóko, ó fi àpò ajílẹ̀ bò ó.
Wijesiri rò pé ọtí àgbọn ni,
ó ní kó bu díẹ̀ fún òun.

Lóru, ó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́rin.
Mo ń kà á.

Ìwé èsì dé: kíríátínììnì inú ìtọ̀ kéré.
Inú mi dùn. Ìdọ̀tí kéré, ara mọ́ nìyẹn!
Nọ́ọ̀sì ò bá mi rẹ́rìn-ín.
"Seelawathi, bí o bá gbálẹ̀ yàrá
tí o ò rí pàǹtí lẹ́nu ọ̀nà,
ṣé yàrá ló mọ́, àbí ìgbálẹ̀ ló ti jẹ tán?
Ẹran ara ń sun bí igi ìdáná, eérú rẹ̀ nìyí.
Kíndìnrín ló ń kó o jáde.
Èyí tí kò bá bá ìtọ̀ jáde, inú ẹ̀jẹ̀ ló jókòó sí."

Ó wá yíjú sí ọkọ mi:
"Ṣé gbogbo rẹ̀ lẹ dà sínú ike?"
Gunapala wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀.
"Ti ọ̀sán... ojú Wijesiri ni. Mo dà á sí poro."

Ìwé ti ẹ̀jẹ̀ kò tíì ti Anuradhapura dé.
Ike mìíràn ti wà nínú iyanrìn.
Ní òwúrọ̀ yìí ó gbé ìgò lọ sóko láìbò ó,
mo sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bẹ ìtìjú tí mo ti bú tẹ́lẹ̀:
jọ̀ọ́, kó jẹ́ ìwọ lo jí i.
Kó má jẹ́ kíndìnrín.